Ẹ̀gbọ́n Dírẹ́bà, Ẹ Rọra Wà Á: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Awakọ̀ Kan ní Ọ̀fàdà

Ẹ̀gbọ́n mi Dírẹ́bà,

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú afẹ́fẹ́ abẹ́ igi máńgòrò. Ẹ tún kú iṣẹ́, bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ni kéèyàn jókòó láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kó máa bú àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá lójú títì pé wọn ò mọ ọkọ̀ wà.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ ṣe. Ẹ má bi mí pé ta ló sọ ọ́. Láti Ọ̀fàdà dé Mówè, ọ̀rọ̀ kì í dúró de ọkọ̀ kó tó gbéra. Wọ́n ní ọmọbìnrin físíò, oníṣègùn ìdárayá tí àwọn ọmọ yín ń sanwó fún láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú yín, wá sílé. Ó ní kí ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ mí sínú, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ti òsì ró, kí ẹ rọra nà án síwájú, kí ẹ mí síta, kí ẹ sì rọra dá a padà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì péré, ẹ wo ọmọ ọlọ́mọ lójú, ẹ ní: "Ṣé kò sí èyí tó yá ju báyìí lọ ni?" Ó ní kò sí. Ẹ ní kó máa lọ sílé, pé ẹ ò tíì dàgbà tó ẹni tó ń jó ijó arúgbó.

Ẹ̀gbọ́n, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán ni inú wá bí mi. Mo kọ lẹ́tà yìí ní gbangba torí mo mọ̀ yín. Tí mo bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ẹ ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Tí mo bá wá sílé, ẹ ó ní kí n kọ́kọ́ jẹun ná, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì máa parí sí. Ṣùgbọ́n tí gbogbo gáréèjì bá ti bá yín kà á, ẹ ò ríbi sá sí.

Mo mọ ohun tó ń dùn yín. Gbogbo ayé yín, eré lẹ fi sá a. Ta ni kò mọ̀ yín lórí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn? Títì tí wọ́n ṣí ní 1978 yẹn, kò sí kòtò rẹ̀ tí ẹ ò mọ̀. Ní alẹ́ Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí èrò Ìpàgọ́ Rìdíìmù bá kún títì, tí ọkọ̀ tò lọ rẹrẹ láti Ìbàfò, ẹ̀yin kì í dúró. Ẹ ó tẹ hóònù, ẹ ó já wọ ẹ̀gbẹ́ títì, èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa pe Jésù, àwọn míì á máa pe Ànábì, ẹ̀yin á máa rẹ́rìn-ín. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọmọ àná wá ń sọ fún pé kó rọra. Ó yé mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ: ìrọra yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ìdárayá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí ara, èémí àti ọkàn jọ ń ṣe pa pọ̀ kì í ṣe eré àwọn tí kò níṣẹ́. Ó wà lára ohun tó ń dá ara padà lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, bí oògùn àti dókítà bá ti ṣe tiwọn. Dókítà ti ṣe tiwọn. Ìyá Àwọn Ọmọ ń ṣe tiwọn lójoojúmọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì páàkì sábẹ́ igi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọwọ́ òsì yín. Òpó ẹ̀jẹ̀ kan ló dí ní apá ọ̀tún ọpọlọ yín, torí náà ni apá òsì ara ṣe kọṣẹ́. Ọ̀tún ọpọlọ ló ń darí òsì ara, òsì rẹ̀ ló sì ń darí ọ̀tún. Ní báyìí, ìka ti di ẹ̀ṣẹ́, ìgbọ̀nwọ́ ti ká, inú sì ń bí yín sí i. Mo gbọ́ pé ẹ máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá àwọn ìka yẹn mú, ẹ ó wá fà wọ́n tìkanratìkanra pé kí wọ́n là. Bí ẹ ṣe ń fà wọ́n ni wọ́n ń le sí i, àbí mo parọ́?

Ìdí rẹ̀ rèé. Ọpọlọ ló máa ń ránṣẹ́ sí iṣan pé kó rọ̀ nígbà tó yẹ kó rọ̀. Rọpárọsẹ̀ ti dí ìránṣẹ́ yẹn lọ́wọ́. Iṣan tí wọ́n bá fà lójijì á gbèjà ara rẹ̀, á sún kì, á le. Bí ẹ bá ṣe yára fà á tó, bẹ́ẹ̀ ni líle rẹ̀ á ṣe pọ̀ tó. Èyí tí wọ́n bá rọra fà kì í jà. Ẹ dán an wò lálẹ́ òní. Kí Ìyá Àwọn Ọmọ gbé ọwọ́ náà lé itan yín, kí wọ́n tẹ ọrùn ọwọ́ wálẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò, kí ẹ̀yin sì máa mí síta bí wọ́n ti ń ṣí i. Wọn á mú ìka kan, wọn á dúró, wọn á mú ìkejì. Ẹ̀ṣẹ́ tó ti ń bá yín jà láti ọjọ́ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í tú níṣojú yín. Eré tí ẹ fi já gbogbo ọkọ̀ sílẹ̀ ní Mówè kò lè ṣe ìyẹn.

Ti ọpọlọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Apá tó kú níbẹ̀ ti kú, a ò ní tan ara wa. Ṣùgbọ́n apá tó yí i ká, àti apá kejì pẹ̀lú, lè kọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe náà ni, nígbà tí tírélà bá ṣubú dínà ní Ìbàfò: ẹ ó yà sínú àdúgbò, ẹ ó gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ewúrẹ́ nìkan ń rìn. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ á gba ibẹ̀ tìpátìkúùkù, igi á máa ha á lára. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ bá ti kọjá, ọ̀nà ti là. Bí ọpọlọ ṣe ń la ọ̀nà tuntun sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìyẹn. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ló máa ń yá jù, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n ń ti ọ̀nà náà pa. Ohun tó ń pa á ni kí ẹnikẹ́ni má gbà á.

Ẹ̀yin náà lẹ sì ń pa á. Gbogbo nǹkan ni ẹ ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe. Ọ̀tún ń mú fóònù, ọ̀tún ń mú ṣíbí, ọ̀tún ń júwọ́ sí kọ̀ńdọ́ tó ń kọjá. Edward Taub, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Alabama ní Amẹ́ríkà, ló fi hàn pé ọwọ́ tí wọn ò bá lò máa ń di ohun tí ọpọlọ pa tì, kódà bó bá ṣì lágbára díẹ̀. Ní 2006, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tó kó ènìyàn 222 jọ: wọ́n fi ìbọ̀wọ́ ńlá di ọwọ́ tó dá fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ọwọ́ tó kọṣẹ́ lè ṣiṣẹ́ tipátipá, ó sì ṣiṣẹ́ ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ lọ. Ẹ má wulẹ̀ di ọwọ́ ara yín o, físíò ló mọ ẹni tó yẹ fún. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ òsì yín kò kú. Ẹ̀yin lẹ ò pè é síṣẹ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Ṣáínà. Wọ́n ní nígbà tí ọmọbìnrin yẹn dárúkọ Tai Chi, ẹ bú sẹ́rìn-ín, ẹ ní ọmọ Ẹ̀gbá kì í jó ijó Ṣáínà. Ẹ̀gbọ́n! Nígbà tí ẹ lọ kí àwọn àna yín ní Ìfọ̀, tí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Kájọlà, ta ló kọ́ ojú irin yẹn? Ilé iṣẹ́ CCECC ti Ṣáínà ni, Ààrẹ Buhari ló sì ṣí i ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, 2021. Ẹ ò sọ fún wọn pé ọmọ Ẹ̀gbá kì í wọ̀ ọ́. Ẹ gbádùn ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ tún ya fọ́tò. Fóònù tí ẹ fi ya fọ́tò ńkọ́? Iná sólà tó ń tàn lójúlé yín lálẹ́ ńkọ́? Ìgbà tó di ohun tó máa jẹ́ kí ẹ rìn dé ilé ìwẹ̀ láìdi ògiri mú ni ẹ wá rántí orírun.

Ẹ gbọ́ ohun tí Tai Chi jẹ́. Iṣẹ́ ìjà ni àwọn ará Ṣáínà fi ṣe láyé àtijọ́, kó tó di pé wọ́n ń fi ṣe ìlera. Ní 1956, ìjọba wọn kó o kúrú sí ìṣípò 24 kí gbogbo ènìyàn lè kọ́ ọ. Ní 2020, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá ọmọ aráyé. Èèyàn á dúró, eékún á tẹ̀ díẹ̀, ìwúwo ara á kúrò lórí ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì, apá á máa tẹ̀ lé e, ojú á máa tẹ̀ lé ọwọ́, èémí á máa lọ á máa bọ̀. Kò sí kíkù gììrì. Ẹ má rò pé ó rọrùn, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ kan dúró lọ́nà pẹ̀lẹ́ rí mọ̀ pé itan máa ń gbọ̀n.

Ní Arizona ní Amẹ́ríkà, Ruth Taylor-Piliae àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ènìyàn 145 tí rọpárọsẹ̀ ti mú rí sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ṣe Tai Chi fún wákàtí kan, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn kejì ṣe ìdárayá alágbára fún iye àkókò kan náà. Àwọn kẹta ń bá ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Láàárín ọ̀sẹ̀ 12 yẹn, àwọn oní-Tai Chi ṣubú lẹ́ẹ̀marùn-ún péré. Àwọn oní-ìdárayá alágbára ṣubú nígbà 14, àwọn yòókù nígbà 15. Ẹ tún ìyẹn kà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, tí ẹ ní kí wọ́n má sọ fún mi (wọ́n sọ fún mi), ẹ mọ ohun tí sìmẹ́ńtì tútù máa ń ṣe fún egungun ìbàdí.

Ẹ ó ní ẹ ò lè dúró pẹ́. Wọ́n ti ronú kan yín. Ní ìlú Kunming ní Ṣáínà, wọ́n kó ènìyàn 160 jọ tí rọpárọsẹ̀ mú wọn kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ìdajì wọn sì ṣe Tai Chi lórí ìjókòó. Wọ́n kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n wá ń ṣe é fúnra wọn nílé fún ọ̀sẹ̀ 11, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú wọn. Ọwọ́ tó dá ló ń ti èyí tó kọṣẹ́ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022, ọwọ́ àwọn yẹn àti ìdúróṣinṣin wọn lórí ìjókòó kò kéré sí ti àwọn tó ṣe ìdárayá ilé ìwòsàn tó wọ́pọ̀, nínú àwọn nǹkan míì ó tún dára jù, ìbànújẹ́ wọn sì dínkù. Lórí ìjókòó o! Ohun tí ẹ fẹ́ràn jù láyé.

Yógà náà wà ńbẹ̀. Ní 2012, Arlene Schmid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Indiana gbé ìwádìí jáde lórí ènìyàn 47 tí rọpárọsẹ̀ wọn ti pẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n fi yógà tí wọ́n tún ṣe fún wọn kún ìtọ́jú wọn, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìdúró wọn sì dára sí i. Tí ògbóǹtarìgì sójà Amẹ́ríkà bá lè nà lórí ẹní kó máa mí sínú mí síta, kí ni dírẹ́bà dáńfó fi ń ṣe agídí?

Mi ò ní parọ́ fún yín ṣá. Nígbà tí àwọn aṣàyẹ̀wò ẹgbẹ́ Cochrane kó ìwádìí lórí yógà àti rọpárọsẹ̀ jọ ní 2017, méjì péré ló kúnjú òṣùwọ̀n, ènìyàn 72 ló sì wà nínú méjèèjì. Wọ́n ní ó jọ pé ó ń dín àìbalẹ̀ ọkàn kù, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tíì pọ̀ tó láti fọwọ́ sọ̀yà. Torí náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé yógà tàbí Tai Chi ń wo rọpárọsẹ̀ sàn pátápátá, tó sì ní kí ẹ mú owó wá, ẹ tọ́ka ọ̀nà gáréèjì fún un. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó ń ran ìdúró, ọkàn àti ìlò ara lọ́wọ́, bí wọ́n bá fi kún ìtọ́jú, tí wọn ò fi rọ́pò rẹ̀.

Mo tún gbọ́ pé ẹnì kan ní àdúgbò kìlọ̀ fún yín pé ẹ̀mí òkèèrè wà nínú mímí sínú mímí síta. Ẹ bá mi bi í: èémí tí Ọlọ́run mí sí Ádámù ní ihò imú, ìgbà wo ló di ti ará Íńdíà? Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ pe òrìṣà ẹnikẹ́ni. Ẹ máa ka Sáàmù bí ẹ ti ń mí. Kí Àlhájì ojúlé kejì, tí ẹsẹ̀ òun náà ti wúwo, máa ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ẹni tó bá ní dandan orin Kennery ni òun máa fi ṣe é, kó yan èyí tó rọlẹ̀. Èémí tó lọ́ra, tí ìmísíta rẹ̀ gùn ju ìmísínú lọ, máa ń mú kí ọkàn rọlẹ̀, ó sì lè dín ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kù díẹ̀. Ohun tó léwu ni kéèyàn sé èémí pa kó máa fi agbára ti nǹkan, torí ìyẹn ló máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè lójijì.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó àti Ṣáínà nìkan ni. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn físíò láti 1966. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Marufat Odetunde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fídíò ìdárayá ní èdè Yorùbá fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú, kí wọ́n lè máa wò ó lórí fóònù, kí wọ́n sì máa ṣe é nílé láìjẹ́ pé wọ́n ń wọkọ̀ lọ sí ọsibítù lójoojúmọ́. Ìwádìí wọn jáde ní 2020. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi dátà wo àwọn tó ń jà ní ọjà, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ gbọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká pàdé nídìí àga. Kì í ṣe àga rọ́bà tó máa ń ya ẹsẹ̀ yẹn o. Àga onígi tó lẹ́yìn, kí ẹ gbé e ti ògiri. Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kí ẹ má wọ sílípáàsì. Ẹ ti lo oògùn àárọ̀, wọ́n ti wọn ìfúnpá yín, kò sì ga ju iye tí dókítà kọ sílẹ̀.

Àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì á balẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mí nìkan, ẹ jẹ́ kí èjìká sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwúwo ara sórí ìdí ọ̀tún, ẹ rọra gbé e padà sórí ìdí òsì, kí ẹ sì dúró níbẹ̀ títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé òsì wà lábẹ́ yín. Ibẹ̀ ni ọkàn ti ń wọlé. Ẹ fi aṣọ ìnura sórí tábìlì, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ẹ fi ọ̀tún mú òsì lọ síwájú, ẹ mú un padà, kí ojú yín má kúrò lára òsì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá apá tó kọṣẹ́ yẹn mú fà á kọjá èjìká. Oríkèé èjìká tí iṣan rẹ̀ ti dẹ̀ kì í pẹ́ yẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí Ìyá Àwọn Ọmọ dúró sí ọwọ́ òsì yín, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ dìde, ẹ mí, ẹ rọra jókòó padà. Ẹ má jẹ́ kí ìdí já lu àga gbì.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn jù. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni gbogbo ayé mọ̀ wá sí, òkúta inú rẹ̀ náà sì lókìkí tirẹ̀. Nígbà tí Ìyá Àwọn Ọmọ bá da ìrẹsì sórí àtẹ, kí wọ́n gbé e síwájú yín. Ẹ fi ọwọ́ òsì ṣa òkúta. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, òkúta ẹyọ kan, kí ẹ gbé e sínú abọ́, kí ẹ tó wá òmíràn. Tí ìka ò bá tíì lè mú un, kí ọ̀tún ràn án lọ́wọ́, tàbí kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tì í sápá kan. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní iṣẹ́ obìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá jẹ ìrẹsì tó sì fi eyín fọ́ òkúta kì í bèèrè bóyá obìnrin ló ṣà á tàbí ọkùnrin.

Ẹ má ṣe é dé ibi tí ó máa rẹ̀ yín tẹnutẹnu. Díẹ̀ lójoojúmọ́ dára ju púpọ̀ lọ́jọ́ kan. Bí orí bá fọ́ yín lójijì, bí àyà bá ń dùn yín, bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dúró. Bí ẹnu bá wọ́ sápá kan, bí apá bá já wálẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá lọ́ mọ́ yín lẹ́nu, kò sí ti àgbo, kò sí ti olùwọ́, kò sí ti "ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́ ná". Ọsibítù ńlá ni, FMC Abẹ́òkúta ní Ìdí-Àbà tàbí OOUTH ní Ṣágámù, kíákíá. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì ká, wọn kì í sábà fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, dókítà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ọpọlọ wò bóyá òpó dí ni tàbí ó bẹ́. Níbẹ̀ nìkan ni mo ti fún yín láyè eré sísá.

Mi ò gbàgbé oúnjẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn ló ṣáájú ìwádìí SIREN tí wọ́n gbé jáde ní 2018. Wọ́n fi 2118 ènìyàn tí rọpárọsẹ̀ mú ní Nàìjíríà àti Gánà wé iye ènìyàn kan náà tí kò mú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú ohun tó ń fà á. Àwọn yòókù tí wọ́n kà ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, àrùn ọkàn, ikùn ńlá, ẹran jíjẹ ṣáá, àìjẹ ẹ̀fọ́, iyọ̀ tí wọ́n ń bù sí oúnjẹ lórí tábìlì, sìgá, wàhálà ọkàn àti àìṣe ìdárayá. Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n yà yín ní fọ́tò kí wọ́n tó kọ ọ́ ni? Ìrẹsì Ọ̀fàdà kò ṣẹ̀ yín. Wọn kì í bó èèpo rẹ̀ tán, oúnjẹ gidi ni. Ṣùgbọ́n ayámáṣe tó léfòó sórí epo, tí ṣàkì, pọ̀nmọ́, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ń bá ara wọn jìjàdù nínú rẹ̀, tí ẹ tún wá bu iyọ̀ lé e lórí nínú ewé eéran kí ẹ tó tọ́ ọ wò! Kí ẹ̀fọ́ náà rí àyè jókòó nínú abọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ mú ni ìbànújẹ́ ọkàn máa ń bá nígbà kan tàbí òmíràn. Ẹni tó ti ń gbé ogun ènìyàn kiri, tó wá di ẹni tí wọ́n ń gbé, ojú á máa tì í. Bí oorun bá ń dá lójú yín, bí oúnjẹ kò bá wù yín, bí ẹ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí yín, ẹ sọ fún dókítà. Ó ní ìtọ́jú. Ìdárayá tí ẹ bá sì bá ẹlòmíì ṣe pa pọ̀ kì í mú ojú tini bí èyí tí a dá ṣe. Ẹ pe Àlhájì, ẹ pe ìyá tó ń ta ewé nígun ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀. Ẹ tẹ́ àga lábẹ́ igi máńgòrò kan náà tí ẹ fi ń ṣe ilé ẹjọ́ àwọn ọlọ́kadà, kí físíò yẹn kọ́ gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà. Owó rẹ̀ á tún dínkù, torí mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn kí wọ́n dín owó fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò dín in fún ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa ka lẹ́tà yìí ní Mówè, Ìbàfò, Ìfọ̀ àti gbogbo ibi tí ẹ wà, tí ẹ̀gbọ́n, bàbá tàbí ìyá yín bá wà nílé tí apá kan kò ṣiṣẹ́, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ sábẹ́ igi. Ẹ rí i pé wọ́n lo oògùn wọn. Ẹ wá físíò, kí ẹ bá wọn jókòó nídìí àga, kí ẹ sì jọ mí sínú, kí ẹ jọ mí síta. Ẹ̀yin tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí, ẹ lọ wọn ìfúnpá yín lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ránṣẹ́ pe ọmọ náà padà, ẹ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì ṣe ohun tó bá wí. Ẹ ṣe é lónìí, ẹ ṣe é lọ́la, ẹ má sì sáré.

Èmi ni,
Àbúrò yín ní Mówè.